Ìmọ̀ràn: ṣé kí n fi source kọ́ Scribus 1.6 sórí Ubuntu 18.04 ni?

Atẹ̀wé_ÒkèFíà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Òkè-Fíà, Òṣogbo níbí. Ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Laptop mi ti dàgbà: i3, RAM 4GB, Ubuntu 18.04 (ètò tó ń gbé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́), Scribus 1.4 (ètò tí mo fi ń to ìwé fún ìtẹ̀wé) tó wà nínú apt rẹ̀ (ibi tí Ubuntu ti ń gba ètò) ni mò ń lò.

Àmì ohùn ló ń dà mí láàmú. Tí mo bá kọ "Olú", ó dáa. Tí mo bá kọ "Ọ̀ṣun" tàbí "Ẹ̀bùn", àmì á yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà, á lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ olóògbé kan dá ìwé 200 padà fún mi nítorí orúkọ ìyá wọn. Ó dùn mí, àmọ́ wọ́n jàre.

Wọ́n ní 1.6 ti yanjú ẹ̀. Mo wa source rẹ̀ (kóòdù tí wọ́n fi ṣe é) sílẹ̀, mo tẹ cmake (ètò tó ń palẹ̀ fún kíkọ́ ọ), ó ní CMake 3.10.2 mi ti gbó. Mo wá tuntun, ó tún ní Qt mi (àkójọ kóòdù tí Scribus dúró lé) náà ti gbó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí n máa bá a yí, àbí ọ̀nà mìíràn wà? Dátà mi ò pọ̀, ọ̀rọ̀ iná sì rèé, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ọmọ_Ayétòrò
Bọ̀dá, ẹ má tíì compile nǹkan kan (ìyẹn, kí ẹ fi source kọ́ ọ). Àwọn Scribus fúnra wọn gbé AppImage 1.6 (fáìlì kan ṣoṣo tó ń ṣí láì kọ́ ọ) sórí ojúewé SourceForge. Ẹ wà á sílẹ̀, ẹ ṣe `chmod +x` kó lè ṣiṣẹ́, ẹ ṣí i. Tó bá ṣí, ẹ ti bọ́. Tó bá ní "GLIBC_ báyìí báyìí not found", a jẹ́ pé orí ẹ̀rọ tó tuntun ju tiyín lọ ni wọ́n ti kọ́ ọ, torí 2.27 ni glibc (ìpìlẹ̀ kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò inú Ubuntu ń lò) ti 18.04.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá sọ pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ glibc o. Mo ṣe é rí. `ls` lásán, àṣẹ tó ń to orúkọ fáìlì jáde, ò dáhùn mọ́. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni mo fi ń wo ojú dúdú.

Àgbà_Terminal
Òótọ́ lọmọ yìí sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń lé. Unicode (àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò) ní ojú kan fún é, ó ní fún ẹ, kò ní fún ẹ́. Ẹ̀yà méjì ló ń para pọ̀, ó sì nílò ẹni tí yóò gbé àmì sórí lẹ́tà níbi tó yẹ. 1.4 ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀ka 1.5 ni wọ́n ti mú HarfBuzz wọlé fún iṣẹ́ náà, ẹ̀ka yẹn ló dàgbà tó di 1.6.0 ní January 2024.

Ó wá kan kíkọ́. Ẹ má lo `apt build-dep scribus` (àṣẹ tó ń kó ohun tí kíkọ́ nílò jọ). Gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ ọ́, àmọ́ orí Qt4 ni 1.4 wà, Qt4 ni yóò kó jọ fún yín, dátà á sì lọ lásán. PPA (ibi ìkó-ètò-sí tí ẹlòmíràn ṣe fún Ubuntu) kan wà tó ń gbé Qt 5.15 sínú /opt fún 18.04 láì fọwọ́ kan Qt ti system. Ẹ wá sọ fún cmake:

`-DCMAKE_PREFIX_PATH=/opt/qt515 -DCMAKE_INSTALL_PREFIX=$HOME/scribus16`

Tó bá bàjẹ́, ẹ pa fódà kan rẹ́, ó tán. Ẹ fi swap 4GB (àyè disk tó ń ran RAM lọ́wọ́) kún un kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lo `make -j1`, kó máa kọ́ ọ ní ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá rí "Killed" láàárín iṣẹ́, kì í ṣe pé kóòdù bàjẹ́, RAM ló tán. Iná bá lọ ńkọ́? Ẹ tún tẹ make, kò ní padà sórí èyí tó ti kọ́ tán. Àmọ́ kí n má purọ́: lẹ́yìn Qt, poppler (kóòdù tó ń ka PDF) àtàwọn yòókù lè máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹjọ́ tiwọn.

Àǹtí_Kóòdù
Ẹ̀gbọ́n, mo tẹríba, àmọ́ iṣẹ́ oníbàárà ni bọ̀dá yìí ń ṣe. Àtìlẹ́yìn gbogboogbò fún 18.04 ti parí láti May 2023. Kí la ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé orí ìpìlẹ̀ yẹn fún? Scribus 1.5.8 wà nínú apt ti Debian 12 (ètò ẹ̀rọ tó jọ Ubuntu), ó sì mọ àmì í gbé. Debian pẹ̀lú XFCE (ojú iṣẹ́ tó fúyẹ́) kò ní wúwo lórí 4GB. ISO netinst rẹ̀ (fáìlì tẹ́ ẹ fi máa gbé e wọlé) ò tó 1GB, ẹ lọ síbi tí wifi wà, kẹ́ ẹ wà á sílẹ̀. Ẹ gé àyè díẹ̀ lára disk, kẹ́ ẹ fi 18.04 sílẹ̀ níbi tó wà ná. Kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ da iṣẹ́ yín kọ sórí flash. Fáìlì tẹ́ ẹ bá sì ti fi 1.5 pamọ́, 1.4 ò ní lè ṣí i mọ́.

Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun_Graphics
Gbogbo yín ń sọ ti oṣù tó ń bọ̀. Iṣẹ́ Sátidé yìí ńkọ́? Inkscape 0.92 (ètò ìyàwòrán) tó wà nínú 18.04 ń to àmì dáadáa. Ẹ kọ orúkọ olóògbé àti àkọlé níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di path (ìlà àwòrán, kì í ṣe lẹ́tà mọ́), ẹ fi pamọ́ bíi SVG (fáìlì àwòrán), kẹ́ ẹ gbé e wọ Scribus 1.4 yín. Ọ̀rọ̀ tó gùn, ẹ fi LibreOffice ṣe é, kẹ́ ẹ yọ PDF. Bí mo ṣe jẹun lọ́dún Ọ̀ṣun kan nìyẹn, láì compile ohunkóhun.

Atẹ̀wé_ÒkèFíà
Ẹ ṣé o, ẹ ṣeun gan-an. Ọgbọ́n Inkscape ni mo dá fún ti Sátidé, wọ́n ti gba ìwé wọn. Mo wá gbé Debian 12 wọlé lálẹ́ ọjọ́ Ajé. 1.5.8 ṣí, "Ọ̀ṣun" jókòó dáadáa! Àmọ́ font (irú ojú lẹ́tà) tí mo máa ń lò fún ìgbéyàwó ṣì ń ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọmọ_Ayétòrò
Font yẹn fúnra rẹ̀ ni, kò ní ibi tí àmì máa so mọ́. Ẹ lo Charis SIL tàbí Gentium, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Àgbà_Terminal
Mo ti ń kọ́ tèmi lórí 18.04 àtijọ́ kan níbí láti àárọ̀. Ó ti dé 61%. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀.