Ìdáhùn: “Amòye ọ̀fẹ́” kọ́ o, ẹ̀gbọ́n

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà.

Ẹ̀gbọ́n wa kọ̀wé lánàá pé kí á máa pe àwọn tí Microsoft ti ń fún ní àmì-ẹ̀yẹ MVP láti 1993, àti àwọn tí Google ń pè ní Product Experts, ní “amòye ọ̀fẹ́”, torí pé wọn kì í gba owó oṣù bí wọ́n ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n n kò gbà.

Kí ni ọ̀fẹ́ ń wá níbẹ̀? Ọ̀fẹ́ kì í rìn mọ́ ènìyàn, ohun tí a fún ènìyàn ló ń rìn mọ́: oúnjẹ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1955, ẹ̀kọ́ ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Olùkọ́ ń gbowó tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pè é ní “olùkọ́ ọ̀fẹ́”. Lẹ́nu Yorùbá, ta tiẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ọ̀fẹ́? Òfò ni. Lọ́fẹ̀ẹ́-lófò là ń wí.

AOL, ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan, náà rò pé ọ̀fẹ́ ni irú iṣẹ́ yìí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń bá wọn ṣọ́ yàrá ìtàkúrọ̀sọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kọ wákàtí iṣẹ́ wọn sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́ gidi. Wọ́n pe AOL lẹ́jọ́ ní 1999. Ó di 2010 kí ọ̀rọ̀ tó tán, mílíọ̀nù 15 dọ́là sì ni AOL fi tán an.

Ọ̀wẹ̀ lọ̀rọ̀ tí à ń wá, “amòye ọ̀wẹ̀”. Bí bàbá mi àgbà bá bẹ ọ̀wẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, iyán gbọ́dọ̀ dé oko kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọbè bá sì ní, “Bàbá, omi á dúró síbí o,” wọ́n á yí ojú ebè padà lójú ẹsẹ̀. Ẹnìkan ti ń mú àáró bọ̀, mo mọ̀. Àáró kọ́! Ta ló ti rí ilé-iṣẹ́ tó wá bá òun roko padà?

Èmi alára ti bá ilé-iṣẹ́ kan ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ kí àwòrán má baà sọnù, “Gbàlà” ni wọ́n kọ sí i, àfi bí ẹni pé àwòrán ọ̀hún dẹ́ṣẹ̀. Mo ní “Fi pamọ́” ni. Wọ́n dúpẹ́ dúpẹ́, wọ́n fi ìràwọ̀ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mo tún yẹ̀ ẹ́ wò: “Gbàlà” wà níbẹ̀ digbí, ìràwọ̀ mi náà ń tàn.

Àbúrò tó sì pe MVP ní “oyè”, irú oyè wo ni wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún bóyá kí wọ́n gbà á padà? Àmì-ẹ̀yẹ ni, ẹ jẹ́ ó mọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ọ̀wẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ iye ebè tó ti kọ rí.