Idà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀: ta ló mọ orúkọ rẹ̀?

Ọmọ Òkè-Àrẹ̀, Ìbàdàn
Mo kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ̀ nípa ohun ìjà àtijọ́. Àpótí kan wà nílé wa tí bàbá àgbà kó ohun ogun sí: ìbọn ṣakabùlà méjì, àgẹ̀dẹ̀ǹgbẹ́ kan tí àkọ̀ awọ rẹ̀ ti gbó, àti ohun kan tí kò jọ èyíkéyìí nínú wọn. Irin ni, ó gùn tó láti ìgùnpá mi dé orí ìka. Ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ lókè bí abẹ̀bẹ̀, wọ́n dá ihò ọnà sí i lára, wọ́n sì fi òrùka ńlá parí èkù rẹ̀. Kò mú rárá. Àwọn ará ilé ní ti Ògún ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ní oṣé Ṣàngó ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Alágbẹ̀dẹ Òjé
Kì í ṣe oṣé, nítorí igi ni wọ́n sábà máa ń gbẹ́ oṣé, àáké olójú méjì ni ó sì máa ń wà lórí rẹ̀. N kò sì gbà pé idà ogun ni, torí pé ẹni tó bá dá ihò sí ojú idà ti gba agbára lára rẹ̀. Kò sí ọmọ ogun Ìbàdàn tí yóò gbé irú rẹ̀ lọ sí ogun Jálumi. Ọkàn mi lọ sí Ọ̀wọ̀, níbi tí àwọn ìjòyè ti ń so udàmalóre, idà oyè wọn, mọ́ ìbàdí òsì.

Akọ́mọlófin
Ẹ má bínú sí mi, bàbá. Eyín erin ni udàmalóre tí a mọ̀ jù, ère ni wọ́n sì ń gbẹ́ sí i lára. Ohun tí olùbéèrè ṣàpèjúwe yìí, eben ti Ìbíní ni. Ìjòyè a máa fi jó níwájú Ọba, a máa yí i lọ́wọ́, a sì jù ú sókè kí ó tó tún un mú. Àmì burúkú ni bí ó bá bọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, nítorí pé àárín Ọ̀wọ̀ àti Ìbíní ti wọ̀ pẹ́, àwọn ìjòyè Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ń lo irú rẹ̀, ìrísí nìkan kò lè fi ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́ hàn.

Ẹ má tètè pè é ní ìkógun. (Àwa ará Ìbàdàn fẹ́ràn kí gbogbo ohun tó wà lájà jẹ́ ti ogun!) Ọ̀pọ̀ ohun ààfin Ìbíní ló fọ́n káàkiri lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó o ní 1897, wọ́n sì ń ṣe tuntun fún títà títí di òní. Ẹ wo inú òrùka náà bóyá ọwọ́ ti jẹ ẹ́, kí ẹ sì wo etí ihò bóyá ojú òòlù wà níbẹ̀. Ẹ má fi yanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, nítorí pé ẹ̀rí ni ìpẹtà náà. Bí oníṣòwò bá sì fẹ́ gbé e lọ sókè òkun, òfin kò gbà á láìsí ìwé àṣẹ àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba.

Ọmọ Òkè-Àrẹ̀, Ìbàdàn
Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan nínú òrùka náà ti tín-ín-rín, ó sì ń dán. Ihò méjì ní àmì òòlù. Àbúrò bàbá mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé bàbá àgbà máa ń ta aṣọ òfì dé Ọ̀wọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n óò gbé e lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Aléṣinlóyè.