Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá Faransé wo ló ti dà yín láàmú rí nígbà tí ẹ ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì?

Àdùkẹ́: Ìwé àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń túmọ̀. Mo rí "20 pompes", mo kọ "20 pumps". "Push-ups" ni! Ó dùn mí, torí mo gbọ́ Faransé dáadáa. Ọmọ tó dojú bolẹ̀, tó ń fi apá ti ara rẹ̀ sókè, ni n kò fojú inú rí.

Báyọ̀: "Tractions" náà, pull-ups ni o, kéèyàn di irin mú lókè kó fa ara rẹ̀ sókè.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, Àdùkẹ́. Èmi túmọ̀ "témoin" sí "witness". Ọ̀pá tí àwọn sáré-sáré ń gbà lọ́wọ́ ara wọn ni, "baton". Wọ́n ti tẹ ìwé náà kí n tó mọ̀.

Olùkọ́ Eré: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún "poirier". Igi píà ni lóòótọ́, àmọ́ ní pápá, ìdúró tí orí wà nísàlẹ̀ ni. Ẹnìkan kọ "handstand" síbi tí àwòrán ti gbé orí ọmọ lé tìmùtìmù, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Headstand" nìyẹn! Ọrùn ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun à ń fi dánra wò.

Báyọ̀: Ẹ má bínú sà, n kò gbà. Àwọn tó kọ́ mi ní Faransé ń pe ti ọwọ́ nìkan náà ní poirier.

Olùkọ́ Eré: Lẹ́nu lásán ni, àbúrò. ATR ni àwa ń pe ti ọwọ́ nìkan, "appui tendu renversé".

Ìyá Ìbejì: Tí kò bá wá sí àwòrán ńkọ́?

Olùkọ́ Eré: Ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ pé ṣé orí kanlẹ̀ àbí kò kanlẹ̀.

Ṣèyí: Ẹ má túmọ̀ "Luc Léger" o! Mo ti rí "light Luc" rí, torí "léger" túmọ̀ sí "fúyẹ́". Orúkọ ènìyàn ni, ará Kánádà tó gbé ìdánwò sísá lọ sísá bọ̀ lórí mítà 20 jáde. "Beep test" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é.

Àdùkẹ́: Ah! Ó wà nínú tèmi. "Gainage" ńkọ́?

Báyọ̀: Plank, kéèyàn dojú bolẹ̀, kó fi apá àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara ró gbọọrọ láìmira.

Olùkọ́ Eré: Rárá o. "Planche" ni plank. Gbogbo iṣẹ́ tó ń mú kí ikùn àti ẹ̀yìn le gírígírí ni gainage.

Báyọ̀: Ẹ wo "gainage latéral" nígbà náà. Side plank ni gbogbo wọn ń kọ.

Olùkọ́ Eré: Ó dáa, ìyẹn tọ̀nà.

Àdùkẹ́: Ó ku "chandelle". Àbẹ́là rèé?

Olùkọ́ Eré: Fẹ̀yìn lélẹ̀, na ẹsẹ̀ sókè gbọọrọ, fi ọwọ́ gbé ìbàdí ró. Kọ "shoulder stand".