Ìfẹ̀tọ́dè: ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ ìbọn àti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ohun méjì ni ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé kẹ́yìn sọ. Èkíní ni pé "ìdàpọ̀" ni ó yẹ kí á máa pe ìlànà tí àwọn ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà fi ń sọ pé ẹ̀tọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé òfin ilẹ̀ náà láti dá ìjọba àpapọ̀ lẹ́kun gbọ́dọ̀ dá ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́kun pẹ̀lú. Èkejì ni pé, lójú tiwọn, kò yẹ kí ẹ̀tọ́ ìbọn wà lára irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìṣòro Chicago kì í ṣe ìṣòro Montana, kí kálukú sì mójú tó ilé tirẹ̀. Mo fẹ́ fèsì sí méjèèjì pọ̀, kí n sì dábàá "ìfẹ̀tọ́dè" dípò "ìdàpọ̀", nítorí ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn ní èkíní ló mú kí èkejì rọrùn láti sọ.

Bí nǹkan méjì bá dàpọ̀, kò sí èyí tó so èkejì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé ẹ̀tọ́ ìbọn ti dàpọ̀ mọ́ òfin ìpínlẹ̀ lè rò pé ìpínlẹ̀ ni wọ́n fún ní nǹkan. Bẹ́ẹ̀ sì kọ́. Ńṣe ni wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ìyẹn agbára láti ṣe irú òfin kan. Mo mọ ibi tí "ìdàpọ̀" ti wá: ọ̀rọ̀ tí àwọn amòfin ibẹ̀ ń lò, incorporation, ni wọ́n tún ń lò fún ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́, ojú rẹ̀ nìkan ni a sì tẹ̀ lé, láìwo iṣẹ́ tó ń ṣe.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò hàn àfi tí a bá mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1791 ni wọ́n fọwọ́ sí Àtúnṣe mẹ́wàá àkọ́kọ́ sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, tí Àtúnṣe Kejì, tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti ní ohun ìjà àti láti gbé e, sì wà lára wọn. Ní 1833, ẹjọ́ kan dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà: ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Barron, tó ní èbúté ní Baltimore, ti pe ìlú náà lẹ́jọ́ pé iṣẹ́ ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣe ti mú kí iyanrìn kún etí odò rẹ̀ débi pé ọkọ̀ ńlá kò lè gúnlẹ̀ mọ́, àti pé Àtúnṣe Karùn-ún ní kí ìjọba san owó ohun ìní tí ó bá gbà. Adájọ́ àgbà John Marshall dá a lóhùn pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ni àwọn Àtúnṣe wọ̀nyẹn dè. Bí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ gba ìbọn tàbí kí ó pa ẹnu olóòótọ́ mọ́ nígbà náà, ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ nìkan ni ará ìlú lè sá tọ̀.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1865 ni a wá rí ohun tí ìdáhùn Marshall túmọ̀ sí fún ẹni tí kò ní alágbàwí nílé ìjọba ìpínlẹ̀. Ní ọdún yẹn gan-an, Mississippi ṣe òfin pé àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú kò gbọdọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́ bí wọn kò bá sí nínú iṣẹ́ ológun tàbí bí àwọn aláṣẹ àgbègbè wọn kò bá fún wọn ní ìwé àṣẹ. Wọ́n fọwọ́ sí Àtúnṣe Kẹrìnlá ní 1868, èyí tó sọ pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ ṣe òfin tí yóò dín àǹfààní àti àbò ọmọ orílẹ̀-èdè kù, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gba ẹ̀mí, òmìnira tàbí ohun ìní lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìtẹ̀lé ìlànà òfin tó yẹ. Ìpínlẹ̀ ni wọ́n dárúkọ, wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́.

Síbẹ̀ ilé ẹjọ́ kò gbà kíákíá. Ní ọjọ́ Àjíǹde, 13 oṣù Kẹrin 1873, àwọn aláwọ̀ funfun tó dìhámọ́ra pa ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ní ilé ẹjọ́ ìlú Colfax ní Louisiana, tí wọ́n sì pa púpọ̀ nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ àwọn apànìyàn náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1876, tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Cruikshank, wọ́n ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ nìkan ni Àtúnṣe Kejì dè, kí ẹni tí a bá ṣẹ̀ lọ wá àbò lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n wa jọ̀wọ́ ro gbólóhùn tiwọn, "kí kálukú mójú tó ilé tirẹ̀", mọ́ ìdájọ́ yìí. Àwọn tó kú ní Colfax ní ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà kò kàn ní apá láti gbà wọ́n.

Láti 1925 lọ, bí ilé ẹjọ́ ṣe ń fi ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan de àwọn ìpínlẹ̀ nìyẹn: òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, ààbò lọ́wọ́ ìtúlé láìnídìí, ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò. Ẹ̀tọ́ ìbọn ló gbẹ̀yìn lára àwọn ńlá. Ìdájọ́ Heller tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ṣe ní 2008, tó sọ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni Àtúnṣe Kejì fún ní ẹ̀tọ́, kò kan ìpínlẹ̀ rárá, nítorí pé Washington, D.C., olú ìlú Amẹ́ríkà, tí ó ti wáyé kì í ṣe ìpínlẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ Otis McDonald dé, àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Louisiana, tó ń gbé ní Chicago, tí àwọn olè sì ti fọ́ ilé rẹ̀, tó wá pe ìlú náà lẹ́jọ́ lórí òfin tí kò jẹ́ kí ó ní ìbọn ìléwọ́. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án sọ pé ẹ̀tọ́ náà de ìpínlẹ̀ àti ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Níbí ni mo ti fẹ́ dá àbúrò wa tó dábàá "ìfòfindè ìpínlẹ̀" lóhùn. Ó sún mọ́ ọn, nítorí ó rí i pé "dè" ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó yẹ. Ṣùgbọ́n etí wa ti gba "fòfin dè" fún nǹkan mìíràn: bí a bá ní ìjọba fòfin de ọkadà, gbogbo wa mọ̀ pé ọkadà kò gbọdọ̀ sí lójú títì mọ́. Bí a bá wá kọ ọ́ pé wọ́n fòfin de ìpínlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìbọn, ẹni tó ń kà á ní Àkúrẹ́ yóò rò pé ìjọba àpapọ̀ ni kò jẹ́ kí gómìnà ra ìbọn fún Àmọ̀tẹ́kùn, nítorí pé nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè ṣòfin lórí ohun ìjà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì ìyẹn. Ní 1982, Chicago fòfin de ìbọn ìléwọ́. Ní 2010, ilé ẹjọ́ fi ẹ̀tọ́ de Chicago. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí a dè àti ohun tí a fi dè é ti pààrọ̀. Láti inú gbólóhùn kejì yìí ni mo ti fa "ìfẹ̀tọ́dè" yọ, bí a ṣe fa "ìfòfindè" yọ láti inú fi, òfin àti dè.

Ibì kan wà tí ìtumọ̀ ti lè dá ẹjọ́ fún wa kí á tó jiyàn. Àtúnṣe Kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn pé ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó létò ṣe pàtàkì fún ààbò "free State". Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ìpínlẹ̀ olómìnira", a ti sọ pé àwọn ìpínlẹ̀ ni Àtúnṣe náà wá dáàbò bò, kò sì sí bí a ṣe lè fi ààbò ẹni de ẹni náà. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ìlú olómìnira", ìdènà yẹn kò sí mọ́. Ohun tí Adájọ́ Scalia sọ nínú Heller ni pé ìlú lápapọ̀ ni; Adájọ́ Stevens, tó ta kò ó, gbà pé ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni Àtúnṣe náà ń ṣọ́. Èmi fara mọ́ "ìlú olómìnira", ṣùgbọ́n kí olùtumọ̀ mọ̀ pé òun ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ kí n gbé àríyànjiyàn ẹ̀gbọ́n wa dé ibi tó lágbára jù. Adájọ́ Stevens àti Adájọ́ Breyer, tí wọ́n ta ko ìdájọ́ McDonald, sọ ọ́ ní 2010 pé ìbọn kò dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí òmìnira ẹnì kan lórí rẹ̀ lè gba ẹ̀mí ẹlòmíràn, àti pé ìpínlẹ̀ ló mọ ewu tó wà ní àdúgbò rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tó ní kí ọlọ́pàá má túlé láìnídìí náà máa ń tú ọ̀daràn sílẹ̀, a kò sì gbọ́ pé torí bẹ́ẹ̀ kí ó má de Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà. Ewu tí ẹ̀tọ́ ń fà lè sọ bí ẹ̀tọ́ náà ti gbòòrò tó. Kò lè sọ ìjọba tí yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a bá so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, ẹni tó ń jiyàn pé okùn kúrú kò tíì sọ pé kí á tú ewúrẹ́ sílẹ̀. Èmi náà rò pé okùn tí ìdájọ́ Bruen ti 2022 so mọ́ New York ti kúrú jù, bí ó ti ní kí òfin ìbọn òde òní máa wá ìbátan rẹ̀ nínú ìtàn àtijọ́ kí ó tó lè dúró. Ní 2024, nínú ẹjọ́ Rahimi, ilé ẹjọ́ kan náà fi adájọ́ mẹ́jọ sí ẹyọ kan gbà pé wọ́n lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ilé ẹjọ́ ti rí i pé ó lè ṣe olólùfẹ́ rẹ̀ ní jàǹbá. Gígùn okùn ni gbogbo èyí ń sọ.

Nípa ìlò, mo dábàá pé kí á máa kọ "ìfẹ̀tọ́dè" bí ọ̀rọ̀ orúkọ, kí á sì máa sọ pé ẹ̀tọ́ kan "de ìpínlẹ̀" tàbí pé "kò tíì de ìpínlẹ̀". Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kí ó fi Àtúnṣe Keje dán an wò, èyí tó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí ìgbìmọ̀ ará ìlú jókòó gbọ́ ẹjọ́ owó tàbí ohun ìní: láti 1791 títí di òní, ẹ̀tọ́ yẹn kò tíì de ìpínlẹ̀. Kí ó wá fi "kò tíì dàpọ̀" rọ́pò rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tó gbọ́ fún wa.