Àbúrò mi àti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe n'Íléṣà ò lè fi tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ mọ́. Màámi ní ọ̀lẹ ni. Èmi ò gbà. Mo kà á pé ìgbà téèyàn bá ń retí owó ni dopamine, ìyẹn kẹ́míkà tó máa ń mú kí nǹkan wu èèyàn, ti ń ru sókè nínú ọpọlọ, kì í ṣe ìgbà tó bá jẹ nìkan. Kódà, kó kù díẹ̀ kí tíkẹ́ẹ̀tì wọlé lè ta ọpọlọ jí bí ìgbà tó wọlé gan-an. Abájọ! Bí eré kan ṣoṣo bá ba tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ jẹ́, ṣe ló máa ń ní, "Ó ti sún mọ́lé!"

Bàbá wa fẹ́ bá a san gbèsè. Ṣé ìyẹn ò ní dá kún un? Báwo ni mo sì ṣe máa mú un dé ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ífẹ̀, tí kò ní ní mo pe òun ní wèrè?