Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn mọ́tò, ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Faransé: ibo ni ká dúró gùn?

Adélé_Kent:
Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi, ìyàwó mi, ọmọ wa ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti àbúrò ìyàwó mi fẹ́ wa mọ́tò lọ ilẹ̀ Faransé níparí September, ọjọ́ mẹ́sàn-án la ní, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun la máa wọ̀ láti Folkestone. Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta la máa so sẹ́yìn mọ́tò, mountain bike gidi o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń lọ ra búrẹ́dì. Mo ti kọ ibi méje sílẹ̀: Vosges, Morvan, Clermont-Ferrand, Morzine, Millau, Digne, ká wá parí ẹ̀ sí Fréjus létí òkun. Àbúrò ìyàwó mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi wo ìwé náà, ó ní "ṣé ìsinmi lèyí àbí iṣẹ́ dírẹ́bà?" Òun ò gun kẹ̀kẹ́ o, kò sì ní in lọ́kàn láti gùn ún. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n gùn jù mí lọ, èmi ní tèmi tí òkúta bá ti pọ̀ jù màá sọ̀ kalẹ̀ màá fẹsẹ̀ rìn, mi ò tijú. Ibo ni ká yọ kúrò, ibo ni ká fi sílẹ̀?

ÒkèLókè:
Bọ̀dá, ẹ kú ìmúra. Màdáámú sọ òótọ́. Tí ẹ bá fẹ́ dé ibi méjèèje, inú mọ́tò lẹ máa ti rí Faransé, kẹ̀kẹ́ á kàn máa wò yín látẹ̀yìn ni.

Ẹ yọ Vosges, Morzine, Digne àti Fréjus. Kì í ṣe pé wọn ò dáa, Fréjus yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ṣe Roc d'Azur, ìdíje mountain bike ńlá, lóṣù October, àmọ́ ìlà oòrùn ni gbogbo wọn wà, September bá sì ti ń parí, lift tó ń gbé kẹ̀kẹ́ gòkè ní Alps, púpọ̀ nínú wọn ti máa ń dúró. Àwọn mẹ́ta tó kù yẹn, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà. Ọ̀nà mountain bike kan wà tí wọ́n ń pè ní GTMC, 1,380 kìlómítà ni, láti Avallon ní Morvan títí lọ dé Cap d'Agde létí òkun. Ẹ ò ní gùn ún tán, ta ló ráyè ẹ̀, ẹ kàn fi ṣe òkùn tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé, mọ́tò á gbé yín débì kan, ẹ sùn ibẹ̀ alẹ́ méjì, ẹ gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ti màdáámú.

Morvan àkọ́kọ́, nítorí láti Calais débẹ̀ tó wákàtí márùn-ún mẹ́fà, ó ti tó fún ọjọ́ kan. Igbó ni, ó tutù, ẹ gùn yí adágún Settons ká kí ara lè nà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa Morvan, ó dáa ni.

Clermont-Ferrand wá ni kókó. Àwọn òkè iná tó ti dákẹ́ ló tò jọ síbẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2018. Ẹ má gbìyànjú láti gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí Puy de Dôme o, wọ́n ní train tó ń gbé èèyàn lọ sókè, ẹ jẹ́ kí màdáámú wọ ìyẹn (1,465 mítà), kẹ́yin máa gùn ní ìsàlẹ̀ láàárín igbó. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nìyí: àwọn ibì kan wà tó jẹ́ òkúta iná kéékèèké, dúdú àti pupa, fúyẹ́fúyẹ́, tó bá jìn díẹ̀ bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́ lórí gàrí ló rí. Táyà iwájú kàn rì, mo kọjá lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo bá ara mi lókè níbi tí kẹ̀kẹ́ ò tíì dé. Ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù, kẹ́ ẹ fara sẹ́yìn.

Láti Clermont ẹ bọ́ sórí A75 lọ sí gúúsù. Ẹ ò ní san tóòlù kankan lórí ẹ̀ àfi ti afárá Millau nìkan. Kẹ́ ẹ sùn Millau alẹ́ mẹ́ta.

ÌyáÌbejì_Leeds:
Adélé, ẹ bá mi kí ìyàwó yín, èmi ni ẹni tó ń jókòó de àwọn oníkẹ̀kẹ́ nílé wa o, kó gbọ́ tẹnu mi. Kó yan Millau. Afárá yẹn, tí wọ́n ṣí ní 2004, òpó ẹ̀ kan ga tó 343 mítà láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó, láàárọ̀ kùrukùru á bo gbogbo àfonífojì, ṣóńṣó òpó nìkan lẹ máa rí. Ìlú gan-an, ìbọ̀wọ́ aláwọ ni wọ́n ń rán níbẹ̀ látayébáyé. Àti gúnnugún! Wọ́n kó wọn padà wá sí àgbègbè yẹn láti 1981, ní báyìí wọ́n ń fò yíká lókè odò Jonte, ńláńlá. Mo dúró mo ń wò wọ́n bí ọmọdé, nítorí ìgbà tí mo rí gúnnugún nílé kẹ́yìn, mi ò lè rántí mọ́. Ọkọ mi ní "a ò mà gbé ẹbọ dání o".

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá. Ẹ má gbé ẹran o, ẹ má gbé wàrà, ẹ má gbé kúlà ọbẹ̀ kankan tó ní ẹran nínú. Látìgbà tí Britain ti kúrò nínú EU, wọn ò gbà á wọlé mọ́. Èmi ò mọ̀, mo se ata díndín pẹ̀lú ẹran màlúù fún ọjọ́ mẹ́rin, mo sì fọwọ́ ara mi dà á sínú àpò ìdọ̀tí ní Folkestone. Ẹ se ata lásán, kẹ́ ẹ ra ẹran lọ́hùn-ún. Ní abúlé wọn, aago méjìlá sí méjì ọ̀sán ṣọ́ọ̀bù á tì, ọjọ́ Sunday lọ́sàn-án á tì, Monday ibòmíì náà á tì, torí náà Saturday ni kẹ́ ẹ ra omi, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa fi ebi gun òkè.

Táyà_Fọ́:
Ohun mẹ́ta mo fẹ́ fi kún un sà.

Àkọ́kọ́, ajá. Ní pápá òkè tí àgùntàn ti ń jẹko, ajá funfun ńlá kan máa ń wà láàárín wọn, patou lorúkọ ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti lé ìkookò, kò sì mọ̀ bóyá ìkookò lẹ àbí ẹ kì í ṣe. Lórí Causse, ìyẹn òkè pẹrẹsẹ tó yí Millau ká, lọ́dún tó kọjá, méjì sáré bọ̀ wá bá wa. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ tẹ kẹ̀kẹ́ sá lọ, mo ní kó má dán an wò. A sọ̀ kalẹ̀, a fi kẹ̀kẹ́ sáàárín àwa àti ajá, a ń rìn jẹ́jẹ́, a ò pariwo, a ò ju òkúta, a yí gba ẹ̀yìn agbo lọ. Ọ̀kan gbóòórùn táyà mi títí, ó tọ̀ sí i, ó bá padà.

Ìkejì, ọdẹ. Lati September lọ títí dé February ni wọ́n ń ṣọdẹ. Ọdẹ ibẹ̀ ò sun ìjálá o, ìbọn àti aṣọ aláwọ̀ ọsàn lẹ máa rí, tí ẹ bá bá pátákó "chasse en cours" (wọ́n ń ṣọdẹ lọ́wọ́) lójú ọ̀nà, ẹ yà síbòmíì, ẹ wọ aṣọ tó ń tàn. Ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí fún kẹ̀kẹ́ ò ṣòro mọ̀, ẹ máa rí tírayáńgù kan pẹ̀lú róbótó méjì, àwọ̀ ló ń sọ bó ṣe le sí: ewé, búlúù, pupa, dúdú. Pupa ti tó fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀yin ẹ dúró sí búlúù sà, ẹ má bínú.

Ìkẹta, ṣé gbogbo yín lẹ ní páàsípọ́ọ̀tù Britain? Nítorí ti Naijiria nílò físà Schengen, kódà tí èèyàn ní ìwé ìgbélùú níbí. Ẹ sì wo nọ́ńbà mọ́tò, kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ bò ó lẹ́yìn.

ÒkèLókè:
Ẹ gbọ́, tí ọjọ́ bá ṣẹ́ kù, adágún Salagou ò jìnnà sí Millau, bíi wákàtí kan. Ilẹ̀ ẹ̀ pupa fòò bí ti Ìjẹ̀bú, ẹ máa rò pé ẹ ti délé. Kí òjò má rọ̀ ṣáá ni, amọ̀ ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà ò fi ní yí mọ́, igi la fi ń ha á.

Adélé_Kent:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti yọ mẹ́rin. Morvan alẹ́ méjì, Clermont méjì, Millau mẹ́ta, ọ̀kan tó kù lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀, Salagou tí ojú ọjọ́ bá gbà. Ìyàwó mi ka ti gúnnugún yẹn sókè fún gbogbo ilé, ó ti ń wá binoculars. Àmọ́ Táyà_Fọ́, ọ̀rọ̀ páàsípọ́ọ̀tù yẹn, ẹnì kankan ò rò ó nínú wa! Ti Naijiria ni àbúrò ìyàwó mi ń lò. Látàárọ̀ ló ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wá ọjọ́ tí wọ́n máa rí i fún físà. Ó ní tóun ò bá rí i, ká fi kẹ̀kẹ́ méjì lọ, ṣùgbọ́n ká má fọwọ́ kan pọ́ǹpù òun.