Perú ní oṣù Keje: etí òkun, òkè Andes àti igbó Amásónì, èwo ló yẹ ká kọ́kọ́ dé?

Arìnkiri07

Ẹ ǹ lẹ́ níbí o, ẹ̀yin àgbà arìnrìn-àjò. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ wo Perú. Ọjọ́ 10 oṣù Keje la máa balẹ̀ sí Lima, alẹ́ ọjọ́ 28 la máa wọ bàálù kúrò níbẹ̀. A fẹ́ rí apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí orílẹ̀-èdè náà pín sí: aṣálẹ̀ etí òkun, orí òkè, àti igbó kìjikìji. Machu Picchu, ìlú òkúta àtijọ́ tó wà lórí òkè, ò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé ká fò láti Lima lọ sí Cusco lọ́jọ́ kejì, ká tètè rí Machu Picchu, ká wá máa rọra sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Ṣé ètò yẹn dára? Ṣé bọ́ọ̀sì ló yẹ ká máa wọ̀ ni, àbí bàálù? Igbó wo la lè dé tí kò ní gbà wá lọ́sẹ̀ kan? A ò gbọ́ èdè Sípéènì ju ìkíni lọ.

Gòkègòkè

Ẹ káàbọ̀ o. Ètò yẹn dára, àmọ́ ẹ ti ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Etí òkun gan-an ni Lima wà, Cusco sì ga tó mítà 3,400. Bàálù ń fi wákàtí kan àti díẹ̀ gbé èèyàn gun gbogbo gíga yẹn, ara ò sì lè yára tó bẹ́ẹ̀. Béèyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i, tí ọ́síjìn tí èémí kọ̀ọ̀kan ń gbé wọlé ń dín kù. Àìsàn tó ń tìdí rẹ̀ yọ ni wọ́n ń pè ní soroche níbẹ̀: orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni, oorun ò ní kun èèyàn. Kì í mú èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó balẹ̀ láàárọ̀, tó ní ara òun le, tó wá ń rìn káàkiri ìlú, alẹ́ ló máa mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀dọ́ tó ń ṣe eré ìdárayá lójoojúmọ́ ò yọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gba gúúsù, kẹ́ ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ sùn sí Lima ní ọjọ́ 10 àti 11. Ní ọjọ́ 12, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Paracas, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú, torí àárọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Ballestas máa ń gbéra. Tó bá dọ̀sán, afẹ́fẹ́ á le, òkun á máa ru, nígbà míì wọ́n á tiẹ̀ ti èbúté pa. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí pẹ́ńgúìnì àti kìnnìún òkun. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjá sí Ica, ẹ wo òkìtì yanrìn Huacachina lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ lọ sí Arequipa. Ó ń lọ sí wákàtí méjìlá.

Mítà 2,335 ni Arequipa. Ibẹ̀ ni ara ti máa kọ́kọ́ mọ òkè, ẹ lo alẹ́ méjì níbẹ̀. Wọ́n á fẹ́ ta ìrìn àfonífojì Colca olójọ́ kan fún yín. Ẹ má rà á. Aago mẹ́ta òru ni wọ́n ń gbé èèyàn, wọ́n á gba ọ̀nà orí òkè Patapampa tó ga tó mítà 4,910, wọ́n á sì dá èèyàn padà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú orí fífọ́. Ọlọ́jọ́ méjì ni kẹ́ ẹ mú: ẹ sùn sí Chivay (mítà 3,635) ní ọjọ́ 16, kẹ́ ẹ sì dé Cruz del Cóndor, ibi tí wọ́n ti ń wo igún, láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àwọn igún ńlá ibẹ̀ kì í dédé fò. Wọ́n ń dúró kí oòrùn mú ògiri àfonífojì gbóná, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gbé wọn sókè, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti nǹkan bí aago mẹ́jọ lẹ máa rí wọn dáadáa. Láti Chivay, bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò wà tó ń lọ tààrà sí Puno, ẹ ò ní padà sí Arequipa mọ́.

Puno wà létí adágún Titicaca, ní nǹkan bíi mítà 3,830. Ọjọ́ 17 àti 18 ni tiẹ̀. Èdè Aymara ni àwọn ará Uros tó ń gbé lórí erékùṣù koríko totora ń sọ, àwọn ará Taquile sì ń sọ Quechua, lórí adágún kan náà. Ní oṣù Keje, òtútù òru ibẹ̀ máa ń sọ omi di yìnyín, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ amúyàrá-gbóná wà kẹ́ ẹ tó san owó hòtẹ́ẹ̀lì. Ní ọjọ́ 19, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Cusco, wákàtí mẹ́fà sí méje. Sísọ̀kalẹ̀ lẹ máa sọ̀kalẹ̀ sí Cusco nígbà yẹn, ara á sì ti mọ́ yín.

Ìlànà táwọn dókítà fi ń tọ́ arìnrìn-àjò sọ́nà ni pé lókè mítà 3,000, ibi téèyàn máa sùn ò gbọ́dọ̀ fi ju mítà 500 ga ju ti àná lọ. Béèyàn rìn lọ síbi tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, tó sì padà wálẹ̀ sùn, ìyẹn ò burú. Láti Arequipa sí Chivay ju ìwọ̀n yẹn lọ, ibẹ̀ ni oògùn acetazolamide ti wúlò: miligíráàmù 125, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú ìgòkè. Ó ń mú kéèyàn máa tọ̀ léraléra, ìka á sì máa ṣe yín wìnnìwìnnì. Dókítà ni kó kọ ọ́ fún yín. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba oògùn oní-súlúfà kó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ojú_Ọ̀nà

Mo fara mọ́ ohun tí Gòkègòkè sọ. Àfikún kan fún ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ò tó, tó pọn dandan kó fò sí Cusco: kó má sùn síbẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́. Láti pápákọ̀ òfurufú, kó gba takisí lọ tààrà sí Urubamba tàbí Ollantaytambo nínú Àfonífojì Mímọ́, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 2,800 lọ, kó fi Cusco sẹ́yìn ìrìn náà. Machu Picchu fúnra rẹ̀ ò ju mítà 2,430 lọ. Cusco fi nǹkan bíi kìlómítà kan ga jù ú.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì Machu Picchu, lónìí ni kẹ́ ẹ rà á, ẹ má dúró de ọ̀la. Oṣù Keje ni èrò pọ̀ jù, iye èèyàn tí wọ́n ń gbà wọlé lójúmọ́ sì ní òté. Orí ìkànnì Ilé Iṣẹ́ Àṣà ti ìjọba Perú ni wọ́n ti ń tà á. Ọjọ́, wákàtí ìwọlé àti ọ̀nà tẹ́ ẹ máa rìn wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí àyípadà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sanwó. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ìkíní gba òkè, ibẹ̀ lẹ ti máa ya fọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀, àmọ́ kì í wọ inú ìlú àtijọ́ náà. Ìkẹta gba ìsàlẹ̀. Ìkejì ló kó fọ́tò àti inú ìlú pọ̀, òun ló sì ń kọ́kọ́ tán. Orúkọ àti nọ́ńbà páspọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ bá èyí tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ mu. Ẹni tó bá gba páspọ́ọ̀tì tuntun lẹ́yìn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó mú ti àtijọ́ náà dání.

Tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, kẹ́ ẹ tó ra ti ọkọ̀ ojú irin, torí wákàtí ìwọlé ló máa pinnu ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa wọ̀. Láti Cusco, ọkọ̀ akérò kéékèèké ń gbéra ní òpópónà Pavitos lọ sí Ollantaytambo, ó ń tó wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Ẹ sùn síbẹ̀ ní ọjọ́ 20. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Machu Picchu Pueblo, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní Aguas Calientes, ní ọjọ́ 21, kẹ́ ẹ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ 22. Àpò kékeré nìkan ni wọ́n ń gbà nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ fi ẹrù ńlá sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì Cusco. Lẹ́nu géètì, wọn ò gba àpò tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 40 × 35 × 20 lọ wọlé. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, ìta ló wà, ẹni tó bá sì ti jáde ò ní wọlé mọ́. Bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè láti ìlú dé géètì ń tó ìṣẹ́jú 25. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, àtẹ̀gùn òkúta ni, wákàtí kan ààbọ̀ dáadáa.

Ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú tún wà: bọ́ọ̀sì láti Cusco dé Hidroeléctrica, wákàtí mẹ́fà sí méje, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ rin kìlómítà mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Nígbà òjò, láti oṣù Kejìlá sí Kẹta, ẹrẹ̀ àti òkúta máa ń ya wálẹ̀ dí ojú ọ̀nà náà. Ní oṣù Keje ó ṣe é gbà, àmọ́ ó ń jẹ odindi ọjọ́ kan ní àlọ, òmíràn ní àbọ̀. Fún ètò yín, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

EtíOdò

Ìbéèrè nípa igbó ni tèmi. Ìlú méjì làwọn èèyàn sábà máa ń gbà wọgbó: Iquitos àti Puerto Maldonado. Kò sí ọ̀nà ilẹ̀ tó so Iquitos mọ́ ìyókù Perú. Bàálù ni, tàbí ọkọ̀ ojú omi láti Yurimaguas tàbí Pucallpa, tí ń gba ọjọ́ mélòó kan lórí àmọ́kù, ibùsùn aláṣọ tí wọ́n ń so rọ̀. Odò ibẹ̀ tóbi púpọ̀, ó sì yẹ lójú ẹni tó ní àkókò. Ẹ̀yin ò ní in. Puerto Maldonado ni kẹ́ ẹ lọ: kò tó wákàtí kan láti Cusco nínú bàálù, bọ́ọ̀sì sì ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Ẹ lọ ní ọjọ́ 24, kẹ́ ẹ sun alẹ́ mẹ́ta nínú igbó Tambopata. Àwọn ilé àlejò ibẹ̀ ló ń wá gbé èèyàn ní pápákọ̀ òfurufú, tí wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wọgbó. Oúnjẹ, afinimọ̀nà àti bàtà rọ́bà sábà máa ń wà nínú owó wọn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń lọ síbi tí àwọn odídẹ́ ti ń jẹ amọ̀ létí odò láàárọ̀ kùtùkùtù, torí kì í ṣe gbogbo ilé ló sún mọ́ ọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni friaje. Láti oṣù Karùn-ún sí Kẹjọ, afẹ́fẹ́ tútù máa ń ti gúúsù wọ igbó yẹn lójijì. Ibi tó gbóná lánàá á tutù débi pé èèyàn á máa gbọ̀n, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọ̀n ni ògiri ọ̀pọ̀ yàrá ibẹ̀, òtútù á wọlé. Ẹ má fi ẹ̀wù òtútù yín sílẹ̀ ní Cusco.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú kẹ́ ẹ tó wọ igbó. Tí ẹ bá ti gbà á rí, yẹ́lò káàdì yín ṣì wúlò títí ayé.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Lima sí Paracas ni Chincha wà o, abúlé El Carmen sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Àtọmọdọ́mọ àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí oko ìrèké àti òwú ló ń gbé ibẹ̀. Ọdún 1854 ni Perú fòpin sí oko ẹrú. Àárín wọn ni cajón, àpótí igi tí wọ́n ń jókòó lé tí wọ́n sì ń lù bí ìlù, ti gbilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Perú kó má kọjá ibẹ̀ láìyà.

Arìnkiri07

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan ló kù: ẹ̀jẹ̀ AS ni èmi, AA ni ìyàwó mi. Ṣé òkè yẹn léwu fún mi?

Gòkègòkè

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa máa béèrè nìyẹn. Ẹni tó ní SS kò gbọ́dọ̀ dé irú òkè bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ní ti AS, ọ̀pọ̀ ló ń lọ tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, àmọ́ ewu kan wà tó jẹ́ tiwọn: ọ́síjìn tó kéré lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dí nínú ọlọ-inú, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì, kí apá kan rẹ̀ sì kú. Àmì rẹ̀ ni ìrora líle lápá òsì lókè ikùn, tó lè ta dé èjìká. Ẹ má pè é ní inú rírun lásán. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé AS ni yín, torí dókítà ibẹ̀ lè má ronú kàn án. Ẹ rí dókítà yín kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ máa mu omi dáadáa, ẹ má sáré, kẹ́ ẹ sì yọ òkè aláwọ̀ mèremère Vinicunca kúrò pátápátá, ó ju mítà 5,000 lọ. Tí dókítà bá ṣiyèméjì lórí Patapampa náà, ẹ fi Colca àti Puno sílẹ̀.

Fún gbogbo èèyàn: ẹni tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́, tàbí tó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ máa mọ́. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lóru náà.

Alápò_Kékeré

Díẹ̀ lórí ọkọ̀ àti owó. Lima ò ní ibùdókọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ló ní tiẹ̀, ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín kẹ́ ẹ tó pe takisí. Fún ìrìn òru, ẹ ra àga tó ń tẹ́ sẹ́yìn púpọ̀ nísàlẹ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì, kì í mì tó ti òkè. Àpò tí páspọ́ọ̀tì àti owó wà nínú rẹ̀ kó wà lórí ẹsẹ̀ yín, ẹ má gbé e sókè orí, ẹ má sì tì í sábẹ́ àga.

Owó wọn ni sol. Ẹ béèrè owó kékeré ní báńkì, torí ẹni tó ń ta ọjà lójú pópó kì í ní ṣéńjì 100 tàbí 200. Ayédèrú owó wà níta, ẹ fọwọ́ kan owó bébà, kẹ́ ẹ sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi sápò. Dọ́là tó bá ya díẹ̀ pẹ́ẹ́, wọn ò ní gbà á.

Ọjọ́ 28 àti 29 oṣù Keje ni ayẹyẹ òmìnira wọn. Gbogbo ará ìlú ló ń rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ yẹn, àyè bàálù àti bọ́ọ̀sì á ti tán. Ẹ ra bàálù Puerto Maldonado sí Lima ti ọjọ́ 27 báyìí. Ìwọ́de tún máa ń dí ọ̀nà ní agbègbè Cusco àti Puno, wọ́n ń pè é ní paro, ọkọ̀ ojú irin náà sì lè dúró. Ọjọ́ 23 tó ṣófo ní Cusco ni ààbò yín, ẹ má fi nǹkan kan kún un.

Ẹ̀yin àlejò ò sì gbọ́dọ̀ san owó orí ìdá 18 nínú 100 ní hòtẹ́ẹ̀lì, tẹ́ ẹ bá fi páspọ́ọ̀tì àti ẹ̀rí ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ̀lú hàn wọ́n. Ẹ béèrè kí wọ́n tó gba káàdì yín, torí tí wọ́n bá ti yọ owó tán, dídá a padà ṣòro.